Ìṣápá ti Olúpọ̀nnà

"Rọra fà á, kí ó má ya," ni Màmá Àgbà wí bí Zulaykha ṣe ń wọ́ àpò ńlá kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Ẹni tí ó bá rí àpò náà yóò rò pé aṣọ ni ó kún inú rẹ̀. Kì í ṣe aṣọ. Ìwé ni: ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, ojú ewé tí wọ́n ya nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, páálí ṣúgà tí wọ́n gé, àní bébà sìmẹ́ńtì náà wà níbẹ̀. Lára gbogbo wọn ni Màmá Àgbà ti fi bírò kọ bí a ṣe ń se oúnjẹ kan tàbí òmíràn sí.

Àlàájà Wosilat ni orúkọ Màmá Àgbà yìí, àwọn ni wọ́n bí ìyá Zulaykha. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà ní oúnjẹ sísè nílùú Ìwó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá jẹun nílé ẹnikẹ́ni tí oúnjẹ náà sì dùn mọ́ wọn lẹ́nu, wọn kì í dìde láìbéèrè bí onílé ṣe sè é. Kò sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó tí wọ́n lọ ní Kuta, ní Olúpọ̀nnà àti ní àwọn abúlé oko tí wọn kò ti mú ìwé kan bọ̀. Àwọn ọmọ wọn máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ ni àwọn ẹlòmíràn ń dì bọ̀ láti òde ìnáwó, pé ọ̀rọ̀ lásán ni màmá tiwọn ń dì bọ̀.

Ìlànà kan wà tí wọn kì í yẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó bá kọ́ wọn ní oúnjẹ ni wọ́n fi ń pe oúnjẹ náà. Nítorí náà, ìṣápá kan ṣoṣo kọ́ ni ó wà nínú àpò yẹn. Ìṣápá ti Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní Kuta wà níbẹ̀, ti ìyàwó lèmọ́mù wà níbẹ̀, èyí tí ó sì jọ wọ́n lójú jù lọ ni ti ìyá tí ó bí wọn lọ́mọ ní Olúpọ̀nnà.

"Zulaykha, orí mi ti ń jò," ni Màmá Àgbà wí, wọ́n sì jókòó sétí ibùsùn. "Ohun tí mo bá gbé síbẹ̀ lánàá, n kì í bá a níbẹ̀ mọ́ lónìí. Dókítà ti sọ fún ìyá rẹ pé díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa lọ. Bá mi kó èyí sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó lọ tán. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, máa kà á sí mi létí. Ara mi ni mo ń kọ ọ́ fún nígbà náà, n kò kọ ọ́ tán. Níbi tí mo bá kọ ọ́ sí pé 'ṣe é bí ìyá ti ń ṣe é,' èmi nìkan ni mo mọ bí ìyá ti ń ṣe é."

Zulaykha kúnlẹ̀. "Mo ti gbọ́, Màmá Àgbà. Mo máa ṣe é, mo sì máa kà á fún yín." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìsinmi ọdún sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dá a lójú pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì, Ismaeel dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Àbúrò ìyá Zulaykha ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé kan nílùú. Ẹyinjúolúwa, ọ̀rẹ́ Zulaykha, náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀, nítorí ó ní òun mọ èyí tí ó dára ju gbogbo ohun tí Ismaeel lè mú wá lọ.

Ètò tí Ismaeel gbé síwájú wọn kò wu ojú rí rárá. Kò ní àwọ̀, kò ní ọ̀ṣọ́, èèyàn ni yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, àyè wà fún orúkọ ẹni tí ó kọ́ni, àyè sì wà fún fọ́tò ìwé àtijọ́ náà gan-an. Màmá Àgbà fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n ń wò ó bí olùkọ́ tí ń wo ìwé ìdánwò ọmọ tí kò fọkàn tán.

"Ṣé ó mọ ìkúnwọ́?" ni wọ́n bi í.

"Màmá, ohunkóhun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ló máa gbà."

"Tí mo bá kọ ọ́ pé 'títí òórùn rẹ̀ á fi yí padà' ńkọ́?"

"Á gbà á."

"Tí ìṣápá bá ju ẹyọ kan lọ ńkọ́? Kò ní sọ fún mi pé ìṣápá ti pọ̀ jù?"

Ismaeel bú sẹ́rìn-ín. "Kí ó kún ilé, Màmá, kò kàn án."

Ẹyinjúolúwa kúnlẹ̀, ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo áàpù tèmi náà. Ẹ kàn máa ya ìwé yẹn ní fọ́tò ni, òun fúnra rẹ̀ á kà á, á tò ó, á tún fi àwòrán oúnjẹ sí i. Kò sí pé ẹnì kan ń jókòó tẹ nǹkan." Ó ya bébà kan tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ bí a ṣe ń dín ìrẹsì sí ní fọ́tò, lóòótọ́, kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti jáde pẹ̀lú àwọ̀ mèremère. Ojú Zulaykha tàn.

"Ó dáa fún ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nǹkan," ni Ismaeel wí. "Kò gbọ́ Yorùbá. Ìwọ̀n òyìnbó nìkan ló mọ̀. Àwọn tí orúkọ wọn bá sì bára mu, ó máa ń fẹ́ sọ wọ́n di ẹyọ kan."

Màmá Àgbà wo fóònù, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wá wo ọmọ ọmọ wọn. "Ìwọ lo máa ṣe iṣẹ́ náà, Zulaykha. Ìwọ ni kí o yan èyí tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn. Kí o sáà máa kà á sí mi létí, ìyẹn ni tèmi."

Zulaykha yan ti Ismaeel. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn yìí parí sí ni, inú gbogbo wa ìbá dùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáadáa. Ismaeel fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún un, òun àti Màmá Àgbà a sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀. Yóò ka ìwé kan, Màmá Àgbà yóò di ojú, wọn yóò sì máa ṣàlàyé. Àlàyé wọn ni ó ń gba àkókò. Nígbà tí ó ka ègbo obìnrin kan ní Kuta, wọ́n kọ́kọ́ sọ bí obìnrin náà ṣe wọlé ọkọ, wọ́n sọ ìjà òun àti orogún rẹ̀, wọ́n sọ ẹni tí ó là wọ́n, kí wọ́n tó dé orí iyọ̀. Nígbà mìíràn wọn yóò dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ojú wọn yóò ṣófo, wọn yóò wá béèrè pé, "Kí là ń sọ ná?" Ìwé kan lè gba gbogbo òwúrọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ Zulaykha kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Orí pápá ni Ẹyinjúolúwa àti àwọn yòókù máa ń wà lójoojúmọ́, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ya ara wọn ní fídíò, tí wọ́n ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti ń kọjá níwájú ilé, wọn yóò kígbe pé, "Akọ̀wé Màmá Àgbà! Ìsinmi ń parí lọ o!" Bí Zulaykha bá ṣí fóònù rẹ̀ lálẹ́, yóò rí gbogbo wọn nínú fídíò náà, kò ní rí ara rẹ̀. Ó dùn ún. Kò sí ẹni tí ó ti ṣe ọmọdé rí tí kò mọ irú ìrora bẹ́ẹ̀.

"Ṣebí mo ti fi áàpù yẹn hàn ọ́," ni Ẹyinjúolúwa sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ìwọ lo ń fi ìyà jẹ ara rẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí Màmá Àgbà ti ń sùn, Zulaykha gba áàpù náà sórí fóònù tirẹ̀. Ó da ìwé sílẹ̀ nílẹ̀ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ́n ní fọ́tò níkọ̀ọ̀kan. Kò ka ọ̀kan ṣoṣo sí ẹnikẹ́ni létí. Nígbà tí fóònù rẹ̀ kún, ó pa àwọn fọ́tò tí áàpù ti kà tán rẹ́ kí àyè lè wà fún àwọn tí ó kù. Nígbà tí ó parí, áàpù béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé orúkọ ọ̀pọ̀ oúnjẹ bára mu, ṣé kí òun fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lára wọn. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni," ó wẹ̀, ó sì lọ sí orí pápá. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Ó wá ku àpò. Bí àpò náà bá wà lábẹ́ ibùsùn, Màmá Àgbà yóò ní kí ó gbé e wá kí àwọn máa ka ìwé nìṣó. Ní Ìwó, bí sáà bá ti parí, kò sí ọmọ ilé ìwé tí kò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ alákàrà. Wọn a kó ìwé àtijọ́ wọn lọ, alákàrà a fi wọ́n di àkàrà fún àwọn oníbàárà, a sì fún ọmọ náà ní àkàrà gbígbóná jẹ. Zulaykha ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó wọ́ àpò náà lọ bá Ìyá Abọ́sẹ̀dé alákàrà ní ìkóríta, ó jẹ àkàrà tirẹ̀, ó padà sílé.

Kò pẹ́ tí Màmá Àgbà fi béèrè. "Zulaykha, gbé àpò wá. Ibo la bá a dé?"

"A ti parí rẹ̀, Màmá Àgbà. Gbogbo rẹ̀ ti wọ inú kọ̀ǹpútà."

"A ti parí rẹ̀? O ti ka ti ìyá mi sí mi létí?"

Zulaykha dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ ti gbàgbé ni."

 Ìtìjú bo Màmá Àgbà lójú, àwọn tí kò jẹ̀bi ohunkóhun. "Má bínú, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "O rí i bí orí mi ṣe dà. Ọlọ́run á fún ọ lérè." Wọ́n sì fi ọwọ́ pa á lórí. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Zulaykha nínú, ṣùgbọ́n orin ń dún lórí pápá, ó sì jáde.

Bàrákàt, ìyá Zulaykha, ni àṣírí náà tú sí lọ́wọ́. Báńkì kan ní Òṣogbo ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó sì máa ń ráyè jókòó jẹun àárọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ilé ìwé ti wọlé nígbà náà. Ó ra àkàrà, ó tú u sórí tábìlì, ó sì rí ìkọ̀wé ìyá rẹ̀ lábẹ́ òróró. Ìdajì ojú ewé ni, wọ́n ti ya á. Ó gbé e sókè, ó kà á, ó sì ké pe ọmọ rẹ̀.

"Zulaykha! Kí ni mo rí yìí?"

"Màámi, ó ti... ó ti wà nínú fóònù mi, mà. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Gbé e wá."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ismaeel. Òun ni ó yẹ áàpù náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Níbi tí Màmá Àgbà kọ ìkúnwọ́ sí, áàpù ti fi òǹkà òyìnbó tí kò nítumọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ó fò ó. Àwọn orúkọ èèyàn tí Màmá Àgbà fi pe oúnjẹ kò sí níbẹ̀ mọ́, ó kà wọ́n sí àṣìkọ. Ẹ̀gúsí ku ẹyọ kan. Ìṣápá ku ẹyọ kan, kì í sì í ṣe ti Olúpọ̀nnà.

"Fọ́tò àwọn ìwé náà ńkọ́?" ni Ismaeel bi í.

"Mo ti pa wọ́n rẹ́."

Bàrákàt kò dúró wọ bàtà. Òun àti ọmọ rẹ̀ sáré dé ìkóríta. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ká ọwọ́ mọ́rí nígbà tí ó gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ yín ló kó o wá, mo rò pé ẹ mọ̀ sí i. Ó ti tán pátápátá. Èyí tí mo fi di ti yín ló kẹ́yìn rẹ̀." Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀rẹ̀, gbogbo oúnjẹ tí Àlàájà Wosilat fi ọjọ́ ayé wọn kó jọ ti di ohun tí àwọn ará Ìwó fi nu ọwọ́ tí wọ́n sì sọ nù.

Ìrètí kan ṣì kù, ó wà nílé lórí àga. Bàrákàt kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, Ismaeel ṣí kọ̀ǹpútà. "Màmá, ẹ bá wa sọ ọ́. Báwo ni ìyá yín ní Olúpọ̀nnà ṣe máa ń se ìṣápá?"

"Ìyá mi?" Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n lọ sóko. Wọ́n máa tó dé."

Wọ́n tún bi wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n bi wọ́n títí. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn ọjọ́ tí Màmá Àgbà ṣì lè dáhùn, àwọn gan-an ni Zulaykha fi jó lórí pápá.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Màmá Àgbà kò jẹun mọ́. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ wá, wọn a yí ojú kúrò. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ṣàdédé la ojú, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ketekete pé, "Ìṣápá ìyá mi ni kí ẹ fún mi jẹ."

Inú gbogbo ilé dùn pé wọ́n béèrè oúnjẹ. Bàrákàt wá ìṣápá, ó bọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ títí kíkan rẹ̀ fi lọ, ó fi ẹ̀gúsí àti irú sí i gẹ́gẹ́ bí òun ti mọ̀. Ọbẹ̀ náà dùn, ẹnikẹ́ni ni yóò jẹ ẹ́. Zulaykha ni ó fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Màmá Àgbà tọ́ ọ wò, wọ́n sì mi orí.

"Kì í ṣe ti ìyá mi," ni wọ́n wí. Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Zulaykha gbé àwo sílẹ̀, ó sì wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Màmá Àgbà, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbàgbé," ni ó fi ẹkún sọ. "N kò kà á fún yín. Irọ́ ni mo pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Màmá Àgbà yí ojú padà, wọ́n wò ó. Wọ́n fi ìka nu omijé rẹ̀ kúrò, bí ẹni ń ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ tó sọnù lọ́jà. "Má sunkún mọ́," ni wọ́n wí. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Wọ́n kú lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọn kò sì jẹ ohunkóhun mọ́ kí wọ́n tó lọ.

Lẹ́yìn àdúà fídáù, Zulaykha bẹ ìyá rẹ̀ pé kí àwọn lọ sí Olúpọ̀nnà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ, wọ́n sì mú kọ̀ǹpútà Ismaeel dání. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ògúnkúnlé ni wọ́n darí wọn sí, obìnrin arúgbó kan tí òun àti Màmá Àgbà jọ dàgbà nínú agboolé kan náà. Zulaykha kúnlẹ̀, ó béèrè ohun tí ó bá wá.

"Ìṣápá ìyá Wosilat?" Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ta ló máa gbàgbé ìyẹn! Tí wọ́n bá gbé e kaná, gbogbo agboolé ló máa mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?"

Ìyá Ògúnkúnlé mi orí. "Ọmọ mi, jíjẹ la jẹ ẹ́, a ò mọ sísè rẹ̀. Wosilat nìkan ni ìyá rẹ̀ kọ́. Ẹ̀gúsí ìyá tèmi gan-an, nígbà tí mo gbàgbé rẹ̀, Ìwó ni mo lọ bá Wosilat, òun ló yọ ìwé tó kà á fún mi. Gbogbo wa níhìn-ín, òun là ń bi. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yẹn."

Zulaykha sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Nígbà tí ó nu ojú tán, ó ṣí kọ̀ǹpútà náà, ó sì ní, "Màmá, ẹ̀gúsí tí ẹ mọ̀ yẹn ńkọ́?" Ó jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ohun tí ó bá tẹ̀, yóò kà á sí wọn létí. Bí wọ́n bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, yóò tún un kọ. Wọ́n sọ ìtàn orogún, wọ́n sọ ìtàn oko, kò sì kánjú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kọ̀ǹpútà kò ṣe Zulaykha ní ibi. Ẹ̀rọ kì í mọ̀ ju ohun tí a bá fi sínú rẹ̀ lọ, èyí tí ó bá yá jù kọ́ ni ó sì ń dára jù. Iṣẹ́ tí àgbà bá fi lé yín lọ́wọ́, ẹ fara balẹ̀ ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì lè dá yín lóhùn, kí ẹ má sì fi àìlera wọn bo irọ́ yín mọ́lẹ̀. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ìlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀.

Oúnjẹ ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ni ín. Ojú ewé kan wà láàárín wọn tí Zulaykha kọ "Ìṣápá ti Olúpọ̀nnà" sí lókè rẹ̀. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀.